Oyè Tí Kò Padà sí Ulé Àrìnkẹ́

Ẹsẹ̀ bàbá mi ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀kadà ló gbé wọn ṣubú lọ́nà oko ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, lẹ́yìn òjò, ojúgun wọn sì dá. Dókítà fi nǹkan funfun tó le bí símẹ́ńtì dì í láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ní oṣù mẹ́ta gbáko ni kí wọ́n fi jókòó. Bí mo ṣe kó wọn wá sí ilé mi ní Ìkọ̀lé nìyẹn, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní kọ̀ǹpútà, tí Faith ìyàwó mi sì ti ń ṣe nọ́ọ̀sì.

Ẹni tó ti ń jí lọ sóko láti ọmọ ọdún méje, bí o bá ní kó jókòó, o kàn dè é mọ́lẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Bàbá ka Bíbélì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ń ka iye ewúrẹ́ tó ń gba iwájú ilé wa kọjá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Faith fà mí wọ ilé ìdáná.

"Ẹ wá nǹkan fún Bàbá ṣe o. Lánàá wọ́n ní kí n gbé ẹ̀wà wá kí àwọn bá mi ṣà á."

"Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ẹ̀wà tí mo ti sè!"

Kí n tó sọ ohun tí mo wá fún wọn ṣe, ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Ìlú wa kò tóbi. Ó wà láàárín Ìrèlé àti Ìkọ̀lé, bí o bá sín nígbà tí ọkọ̀ ń wọ̀ ọ́, ọkọ̀ lè ti jáde kí o tó nu imú tán. Bàbá mi, Ọlátúnjí, ni Ọ̀dọ̀fin ìlú náà, ọ̀kan nínú àwọn afọbajẹ márùn-ún. Ilé ọlọ́ba méjì la ní, Ulé Ọ̀tún àti Ulé Òkè. Bí Ulé Ọ̀tún bá jẹ tán, Ulé Òkè ló kàn. Bí Ulé Òkè bá jẹ tán, a padà sí Ulé Ọ̀tún. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹnu àwọn àgbà ni ìwé wa.

Ọba tó wàjà ní ọdún tó ṣáájú lo ọdún méjìdínlógójì lórí oyè. Ọmọ Ulé Ọ̀tún ni. Òun náà ni bàbá tó bí ìyá mi, Àrìnkẹ́, tó di olóògbé láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Nítorí náà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Ulé Òkè ló kàn, ẹni tí Ulé Òkè sì fà kalẹ̀ ni Bàbá Afọlábí, ọ̀rẹ́ bàbá mi. Bí mo bá sọ pé ọ̀rẹ́, ẹ má rò pé ọ̀rẹ́ ẹnu lásán ni. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọ́n lọ. Orí bẹ́ńṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì Àńgílíkà láti ọgọ́ta ọdún. Tí kòkó bá sì pọ́n, àwọn ọmọ tirẹ̀ á wá bá wa fọ́ tiwa, àwa náà á lọ bá wọn fọ́ tiwọn. Àáró ni à ń pè é, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀, a kì í sì í gbàgbé.

Ohun tí mo wá fún Bàbá ṣe kò ju géèmù kan lọ, èyí tó wà nínú láàpútọ́ọ̀pù mi. Ọ̀rọ̀ àwọn ọba òyìnbó ayé àtijọ́ ni, nígbà tí wọ́n ṣì ń gun ẹṣin jagun. Ìwọ ni olórí ilé kan, o ó jọba, o ó bímọ, o ó kú, o ó sì máa bá eré lọ pẹ̀lú àrólé rẹ. Ṣùgbọ́n oyè kì í ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ìjòyè tó ní ilẹ̀ lábẹ́ ọba ni yóò dìbò yan ẹni tí yóò jẹ tẹ̀lé e, ọba náà sì ní ìbò tirẹ̀. Bí wọ́n bá yan ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé rẹ, adé ti lọ nìyẹn.

Bàbá gbọ́ èyí, wọ́n tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Ṣé afọbajẹ ni wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mélòó ni gbogbo ìbò náà?"

"Méje, pẹ̀lú tiwa."

"Ó ti pọ̀ jù. Àwa márùn-ún gan-an, inú wa kò dọ́gba rí." Wọ́n fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Kí ni orúkọ ilé tiwa?"

Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ilé làá wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n wo ògiri tí àwòrán ìyá mi wà, wọ́n ní Àrìnkẹ́ ni. Mo tẹ "Ilé Àrìnkẹ́" síbẹ̀, wọ́n ní kí n pa á rẹ́.

"Ulé ni kí o kọ. Ìyá rẹ kò gbé 'ilé' lọ́jọ́ kan. Ulé ló gbé."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé ní ọ̀sán, tí mo jẹun, a ó jókòó tì í. Ọwọ́ mi ló wà lórí máòsì, ọpọlọ Bàbá ló ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwòrán ìjòyè kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ bí ó ṣe fẹ́ràn wa tó sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìdí. Èyí ń bínú nítorí pé a kò mú ọmọ rẹ̀ lọ sógun. Tọ̀hún ń rẹ́rìn-ín nítorí pé a fún un ní ìyàwó.

"Ọlọ́run ìbá kọ irú èyí sí iwájú orí Ejemu tí a jọ ń fọbajẹ," ni Bàbá wí, "n bá ti máa kà á kí n tó fún un ní ọwọ́ bọ̀."

Ìjòyè kan wà níbẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa bí epo, tí kò fẹ́ràn wa rárá. Mo ní kí á tì í mọ́lé. Bàbá wò mí bí ẹni tó fẹ́ mu omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀.

"A kì í ti afọbajẹ mọ́lé kí á tún ní kó wá fọbajẹ. Fi ẹṣin ránṣẹ́ sí i. Gba ọmọ rẹ̀ tọ́. Kí ó rántí pé ọmọ òun wà lọ́dọ̀ wa kó tó la ẹnu."

Mo ṣe é. Irùngbọ̀n pupa rẹ́rìn-ín. Mo ti ń ṣe géèmù náà láti bí ọdún mẹ́rin, n kò lè mú oyè dúró nínú ilé mi kọjá ọba méjì rí. Bàbá mú un dé ọba kẹta pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Faith á máa gba ẹ̀yìn wa kọjá, á ní, "Ẹ kú ìlú o. Ṣé owó oṣù àwọn nọ́ọ̀sì ti jáde lọ́dọ̀ yín?" Bàbá á sì dá a lóhùn pé ọba ń gbọ́.

Ní Sátidé kan ní oṣù kẹsàn-án, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Bọ̀dá Wọlé pè mí láti Ìbàdàn. Àbúrò ìyá mi ni, òun ló rán mi lọ sí yunifásítì lẹ́yìn tí kòkó bàbá mi jóná. Ulé Ọ̀tún ti fà á kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kàn wọ́n.

"Íní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ìjòyè méjì wà lẹ́yìn mi, méjì wà lẹ́yìn Afọlábí. Bàbá rẹ ló kù, ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò jókòó."

"Bọ̀dá, ṣé kò kan Ulé Òkè ni?"

"Ìwé wo ló wà? Fi í hàn mí. Afọlábí ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ìlú fẹ́ ẹni tó lè sáré. Àti pé ìyá rẹ ìbá wà láyé, ta ni wọn ìbá tì lẹ́yìn? N kò ní kí o fún Bàbá ní nǹkankan o. N kò ṣe irú ìyẹn. Kí o bá wọn sọ̀rọ̀ ni. Ìwọ ni wọ́n ń gbọ́."

Mo jíṣẹ́ níbi oúnjẹ àárọ̀. Mo ní, "Bàbá, Bọ̀dá Wọlé kí yín."

"Mo gbọ́. Ìkíni yẹn ní ìrù." Wọ́n mu ògì wọn dé ìdajì. "Ulé Òkè ló kàn, Íní. Bí mo bá ní ahọ́n méjì, orúkọ kan náà ni wọn yóò pè."

Ọ̀rọ̀ tán. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọba wa kẹta ti di arúgbó nínú géèmù, ó ti ń wúkọ́. Nínú ìbò méje, mẹ́ta wà lẹ́yìn ọmọ wa, mẹ́ta wà lẹ́yìn irùngbọ̀n pupa. Tiwa ló kù. Mo ti gbé ọwọ́ lọ sórí àwòrán ọmọ wa kí Bàbá tó gbá mi léjìká.

"Fún irùngbọ̀n pupa."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ulé wa ti jẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kan àwọn náà. Bí wọ́n bá jẹ tán, á padà sọ́dọ̀ wa. Ulé kan kì í jẹ ẹ́ títí kí ìlú má dàrú."

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ. Bàbá, oyè kì í yípo nínú èyí. Bí ó bá lọ, ó lọ. Kò sí òyìnbó kankan nínú ayé tí yóò ṣe àṣìṣe tí bàbá mi fẹ́ ṣe yìí, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé adé fún ilé mìíràn nítorí pé ó ti jẹ ẹ́ tó. Gbólóhùn náà ti dé ẹ̀yìn eyín mi. Ṣùgbọ́n ohùn Bọ̀dá Wọlé ṣì wà ní etí mi láti àárọ̀, ohun kan sì sọ fún mi pé, Má sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí wọ́n rí i fúnra wọn.

"Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ni, Bàbá," ni mo wí. Mo sì tẹ̀ ẹ́.

Ọba wa kú. Irùngbọ̀n pupa jẹ. Bàbá kí i kú oríire, wọ́n ní kí n fi aṣọ ránṣẹ́ sí i. Ní ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọba tuntun gba ilẹ̀ méjì lọ́wọ́ wa. Bàbá ní kò burú, ọba ló ni ilẹ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó yí òfin padà, ó ní kò sí ìbò mọ́, àkọ́bí òun ni yóò jẹ.

"Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí.

"Ó ti ṣe é."

"Àwọn ìjòyè ńkọ́?"

"Ó ti lé méjì, ó ti fún àwọn tó kù ní nǹkan."

"Ìgbà wo ni yóò wá padà kàn wá?"

Mo ní kí á máa wò ó. Mo mọ ohun tí à ń wò. Ní ọjọ́ Túsìdé, wọ́n gba ilẹ̀ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ ọmọ wa, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ó wá kọ ọ́ ní òyìnbó pé Ulé Àrìnkẹ́ ti parí. Bàbá gbọ́ òyìnbó, àwọn ni wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ kìíní lédè òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kà á fúnra wọn. Wọ́n na ìka, wọ́n fi kan orúkọ ìyá mi lára gíláàsì náà, wọn kò sì tètè gbé ìka náà kúrò.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ mi. Mo fi ohùn tútù sọ ọ́, bí ẹni tó ń tu ni nínú.

"Báyìí ni ayé rí, Bàbá. Ẹni tó bá gba oyè kì í dá a padà. Ẹ rò ó wò kí ó tó di ọjọ́ Jímọ̀."

Faith gbé iyán wá, wọ́n ní kí ó gbé e padà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí ìlú. Wọ́n ti bọ́ nǹkan funfun náà kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, igi ni wọ́n fi ń rìn. Àwọn afọbajẹ wọ inú gbọ̀ngàn lọ, àwa yòókù dúró síta. Bàbá Afọlábí jókòó sórí àga onípákó, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Nílùú wa, ìjòyè kọ̀ọ̀kan á dìde, á pe orúkọ ẹnì kan sókè, Ọ̀dọ̀fin ni í kẹ́yìn. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. A gbọ́ Wọlé, a gbọ́ Afọlábí, a gbọ́ Afọlábí, a gbọ́ Wọlé. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ohùn igi tí wọ́n fi kan ilẹ̀ nígbà tí bàbá mi dìde.

"Wọlé," ni wọ́n wí.

Mo rò pé inú mi yóò dùn. Ohun tó ṣe mí dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀ sórí àkàsọ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Bàbá Afọlábí ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Ó dé fìlà rẹ̀ dáadáa.

"Ọlátúnjí, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń san."

"Íní, má jẹ́ kí bàbá rẹ gbé ẹrù wúwo o," ó wí fún mi, ó sì bọ́ sọ́nà ilé rẹ̀. Kò bínú, kò bú ẹnikẹ́ni. Ìbá sàn kó bú wa.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Bàbá Afọlábí lọ jókòó sí apá kejì ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ńṣì ọgọ́ta ọdún ku bàbá mi nìkan. Kòkó pọ́n ní oṣù kẹwàá, kò sí ọmọ Ulé Òkè kan tó wá bá wa fọ́ ọ. Bàbá kò rán ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Wọ́n dá a fọ́ títí, ẹsẹ̀ wọn kò jẹ́ kó yá, èyí tó pọ̀ jù dúdú sórí igi. Bí mo bá ti Ìkọ̀lé wá lópin ọ̀sẹ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á ní, "O kú uṣẹ́," wọn kò sì ní sọ nǹkan mìíràn títí oòrùn á fi yí.

Ulé Òkè gba kóòtù lọ. Wọn kò tíì fún Bọ̀dá Wọlé ní ọ̀pá àṣẹ nítorí ẹjọ́ náà. Ó di oṣù kejì ọdún yìí kí wọ́n tó dá ọjọ́ tí àwọn afọbajẹ yóò wá jẹ́rìí. Ọjọ́ Túsìdé ni, ní Ìkọ̀lé. Nítorí náà Bàbá wá sùn sí ilé mi láti ọjọ́ Sunday. Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, lọ́yà Bọ̀dá Wọlé wá kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò sọ.

"Olóyè, bí wọ́n bá bi yín pé kí ló mú yín yan Ọmọọba Wọlé, ẹ ní òun ló yẹ jù."

"Kì í ṣe ìyẹn ló mú mi yàn án."

"Kí ló mú yín yàn án, sà?"

"Mo rí ulé kan tó parí."

Lọ́yà wò mí. Nígbà tí mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Bàbá ṣì ń rántí nǹkan dáadáa?"

Mo wọlé padà, Bàbá ti gbé láàpútọ́ọ̀pù sórí tábìlì. Láti oṣù kẹsàn-án, a kò ṣí géèmù náà mọ́.

"Bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ rí ibi tí a ti ṣì í. Ó yẹ kí ibì kan wà tí à bá ti mú un kí ó lè padà."

Mo ní ilé-ìwé ń dúró dè mí. Wọ́n ní kí ilé-ìwé dúró. Mo ṣí i. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń bèèrè irú òfin tí o fẹ́ kí oyè máa tẹ̀ lé. Mo fẹ́ sáré kọjá níbẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

"Dúró. Kí ni àwọn mẹ́rin yìí?"

"Ọ̀nà tí wọ́n fi ń jẹ oyè ni."

Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n fi ìka tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́bí ló ń jẹ. Wọ́n á pín in láàárín àwọn ọmọ. Ẹni tó dàgbà jù nínú ilé. Ìbò àwọn ìjòyè.

"Ta ló yan èyí tí a ṣe?"

"Èmi ni."

"Yíyípo ńkọ́?"

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Kò sí níbẹ̀." Wọ́n tún kà á, bí ẹni pé ìkarùn-ún lè yọjú. "Nígbà tí mo ní kí o fún irùngbọ̀n pupa, ṣé ìwọ mọ̀ pé kò sí níbẹ̀?"

Irọ́ mẹ́ta ló sáré wá sí mi lẹ́nu, ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Ojú Bàbá kò kúrò lójú mi. Ojú náà kò le. Ó dà bí ojú ẹni tó ń bẹ̀ mí pé kí n sọ pé n kò mọ̀.

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O mọ̀ pé kò ní padà."

"Mo mọ̀."

"Wọlé ló kọ́ ọ?"

"Bọ̀dá Wọlé kò mọ nǹkankan nípa géèmù. Ó kàn ní kí n bá yín sọ̀rọ̀. Èmi ni mo rò ó."

Wọ́n pa láàpútọ́ọ̀pù náà dé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo ń retí kí wọ́n bú mi. Mo tilẹ̀ ń retí ìgbájú, bí mo ṣe tó yìí.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀," ni wọ́n wí.

Faith ń bọ̀ láti ilé ìdáná. "Bàbá, oúnjẹ ti délẹ̀ o."

"Bò ó, ìyàwó mi."

Wọ́n ní kí n wa ọkọ̀ lọ sí ìlú. Bàbá Afọlábí wà níwájú ilé rẹ̀, ó tú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí kòkó palẹ̀, ó ń nu àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí wa, kò dìde.

"Ọlátúnjí."

"Afọlábí." Bàbá mi kò jókòó. Wọ́n kọjú sí mi. "Sọ ọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, láti orí ìbò méje dórí irùngbọ̀n pupa, dórí gbólóhùn tí mo gbé mì, dórí gbólóhùn tí mo sọ ní ọjọ́ Túsìdé. Ó ṣòro láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà tí oyè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń kéré sí i lẹ́nu mi.

"Géèmù?" ni Bàbá Afọlábí wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èyí tí àwọn ọmọdé ń fi fóònù ṣe?"

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, sà."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ," ni bàbá mi wí.

Bàbá Afọlábí rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín kúkúrú tí kò dé ojú. "Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń rò ó, pé kí ni mo ṣe fún ọ. Mo rò ó, rò ó, mo rò ó dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé bóyá torí máńgòrò tí mo jí kó nínú àpò rẹ ni." Ó gbé aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. "Dìde, Íní. Ìwọ ṣe tìrẹ, Ọlọ́run á bi ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni mo fẹ́ bi. Ọlátúnjí, ọmọ rẹ fi géèmù hàn ọ́. Géèmù kò mọ̀ mí. Ìwọ mọ̀ mí. Ṣé o gbà á gbọ́ pé bí mo bá jẹ, n kò ní jẹ́ kí ó padà sí Ulé Ọ̀tún?"

Adìẹ kan kọjá láàárín wa. Bàbá mi gbé ara lé igi wọn. Ní gbogbo ọ̀nà tí a gbà wá, mo ti rò pé èmi ni ọ̀ràn náà wà lọ́rùn mi. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé ohun tí mo bà jẹ́ kò sí nínú ẹ̀rọ, kò sì sí lórí oyè.

"Mo gbà á gbọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta," ni wọ́n wí. "Ọgọ́ta ọdún ni n kò fi rò ó rí, n kò sì rò ó mọ́ láti ìgbà náà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ọjọ́ kẹta ni a jókòó."

Bàbá Afọlábí mú páìpù kékeré kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀ sí oòrùn.

"Ṣé ìwọ lè sọ bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́ lọ́la?"

"Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Kí ó má ṣe jẹ́ pé ibẹ̀ ni o ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

"Wọn yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀fin tó fi géèmù yan ọba. Wọn á gbé e lọ dé Ìdó, wọn á gbé e dé Ọ̀yẹ́. Àwọn Ulé Ọ̀tún kò sì ní dá ọ sí, ọmọ wọn lo fẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ó sì lè má sọ oyè náà di tèmi."

"Mo mọ ìyẹn náà."

Bàbá Afọlábí kò ní kí á jókòó. Kò sì ní kí á máa lọ. Ó ń to àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ náà padà, bàbá mi sì dúró lórí ẹsẹ̀ tí kò tíì san tán, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó dé ibi tí ó nílò ọwọ́ kẹta, bàbá mi tẹ̀, wọ́n di ìdí agolo ẹ̀rọ náà mú fún un. Kò wo ojú wọn. Ó ń fún ìdè náà le.

Fóònù mi dún. Mo rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bọ̀dá Wọlé ni.

"Íní, lọ́yà ní ọ̀rọ̀ Bàbá kò já geere láàárọ̀. Ọ̀la dọ́wọ́ wọn o. Ṣé wọ́n ti mọ ohun tí wọn yóò sọ báyìí?"

Mo wo ẹ̀yìn. Àwọn àgbàlagbà méjì náà tẹ orí sórí ẹ̀rọ.

"Wọ́n ti mọ̀ ọ́n, sà."

"Mo mọ̀ pé o kò ní já mi kulẹ̀," ni Bọ̀dá Wọlé wí, ó sì pa fóònù.